Ìwé Orúkọ àti Ọjọ́ Ọjà

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti kàn wá. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ilẹ̀ wa ló ní i lófin pé akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá wá sí ó kéré tán 75 nínú 100 ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ jókòó ṣe ìdánwò. Ìdí nìyẹn tí ìwé pélébé fi ń yí kíláàsì ká, tí ẹnì kan á gbà á, á fi bíró mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sáìn fún ẹni mẹ́ta. Olùkọ́ á ka orúkọ, ó pé 60. Á gbójú sókè, á ka orí, kò ju 40 lọ. Gbogbo kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín. Ó dáa, a ti rẹ́rìn-ín tán. Ta ló kọ́kọ́ sọ pé kí á máa ka orí ọmọ níléèwé? Kí ló fẹ́ fi iye náà ṣe? Mo wá ìdáhùn lọ sínú ìtàn, ọ̀nà rẹ̀ sì já sí ibi tí mi ò lérò: ó já sí Ìlúà, ìlú wa ní ìjọba ìbílẹ̀ Kájọlà, ní Òkè-Ògùn, ní ọjọ́ ọjà.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tíì di àtijọ́ o. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2024, òfin tuntun lórí wíwá sí iléèwé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orí kọ̀ǹpútà ni iléèwé gbọ́dọ̀ máa kọ rẹ́jísítà sí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa fi iye ọmọ tó wá ránṣẹ́ sí ìjọba lójoojúmọ́. Ìdajì ọjọ́ ni wọ́n ń kà sí ìwọlé kan: àárọ̀ kan, ọ̀sán kan. Bí ọmọ bá pa ìwọlé 10 jẹ láìgba àyè, ìyẹn ọjọ́ márùn-ún, láàárín ọ̀sẹ̀ 10, iléèwé gbọ́dọ̀ rò ó bóyá kí wọ́n bu fáìnì lé òbí rẹ̀. £80 ni bí òbí bá tètè san án láàárín ọjọ́ 21. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di £160. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún mẹ́ta, £160 ni tààrà. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ò ní fáìnì bẹ́ẹ̀ mọ́; ó lè di ti kóòtù. Òbí kọ̀ọ̀kan ló sì ń san tirẹ̀, lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn Yorùbá tó wà ní Peckham mọ ohun tí mò ń wí. Ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ wálé wá sin ìyá àgbà ní àárín táàmù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́dọ̀ ọ̀gá iléèwé, ọ̀gá iléèwé sì lè ní rárá.

Kì í ṣe òní ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí ọmọ. Ní 1862, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Lowe, tó ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ níbẹ̀, gbé ìlànà kan jáde pé iye tí ìjọba máa fún iléèwé yóò tẹ̀ lé iye ọmọ tó ń wá àti bí wọ́n ṣe ṣe sí nínú ìdánwò. Ṣílè 12 ló wà lórí ọmọ kan: ṣílè 4 nítorí pé ó wá, ṣílè 8 bí ó bá mọ ìwé kà, tó mọ̀ ọ́n kọ, tó sì mọ ìṣirò. Bí alábẹ̀wò bá dé tí ọmọ ò sí ńlẹ̀, owó ti lọ nìyẹn. Nígbà tó di 1880 ni wọ́n wá ṣe òfin tó sọ ọ́ di dandan kí gbogbo ọmọ ọdún 5 sí 10 máa lọ síléèwé. Ṣé ẹ rí bó ṣe tò? Owó ló kọ́kọ́ wọ inú ìwé orúkọ, kí ọ̀ràn dandan tó dé.

Ní 1882 wọ́n di àṣà yìí lẹ́rù, wọ́n gbé e kọjá òkun. Abẹ́ ìjọba kan náà ni Èkó àti Gold Coast wà nígbà yẹn, òfin ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n sì ṣe fún àwọn méjèèjì. Wọ́n fi Ẹni Ọ̀wọ̀ Metcalfe Sunter ṣe alábẹ̀wò iléèwé fún gbogbo ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí Èkó dá dúró, ó ní òfin ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní 1887. Henry Carr, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Èkó, wọ iṣẹ́ alábẹ̀wò yìí lẹ́yìn náà, òkìkí rẹ̀ sì kàn. Àwọn ìjọ onígbàgbọ́ ló ni ọ̀pọ̀ iléèwé. Ìjọba ló ń fún wọn lówó ìrànwọ́. Iye ọmọ tó ń wá wà lára ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n owó ọ̀hún, èsì ìdánwò náà sì wà níbẹ̀. Nítorí náà, tísà ayé ìgbà yẹn ò lè fi rẹ́jísítà ṣeré. Ọmọ tó bá wá, owó ni. Ọmọ tí kò bá wá, òfo ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣe é tí kò fi wá ò sí nínú ìṣirò yẹn.

Àwa ti Òkè-Ògùn ńkọ́? Ọmọ Òkè-Ògùn tí ayé mọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ ìwé ni Àjàyí Crowther, tí wọ́n bí ní Òṣoògùn, lápá Ìsẹ́yìn. Kì í ṣe bàbá rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ lọ síléèwé. Ogun ló kó o ní 1821, wọ́n tà á, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, Sàró ló ti mọ ìwé. Ní 1827 ó wà lára àwọn tí wọ́n fi ṣí iléèwé gíga Fourah Bay. Ìyá rẹ̀ ò mọ ibi tó wà ní gbogbo àkókò yẹn. Bí rẹ́jísítà bá wà nílé wọn ní Òṣoògùn, òfo ni wọn ì bá máa kọ síwájú orúkọ Àjàyí títí di ọdún 1846 tí òun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta.

Kí iléèwé òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ Òkè-Ògùn kì í ṣe ọmọ tí kò ní ibi tó ń lọ. Ó ní oko. Ó ní ọjà. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́, ẹ rántí pé Ìsẹ́yìn ni ilé aṣọ òkè. Ọmọ mùsùlùmí ní wàláà, ó ń lọ sí ilé kéwú, ilé kéwú náà sì ní ọjọ́ ìsinmi tirẹ̀: Ọjọ́bọ̀ àti Jímọ̀. Oko ní ìgbà tirẹ̀: ìgbà ebè, ìgbà ìtàkùn, ìgbà iṣu tuntun. Ọjà ní ọrọọrún tirẹ̀. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ti ń ka ọjọ́ fún ọmọ kí òyìnbó tó gbé Mọ́ńdè sí Fúráìdè dé. Kò sí ẹni tó jókòó láti bi wọ́n pé, ‘Báwo la ó ṣe pín ọmọ yìí?’

Ẹ má sì gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1916. Ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn, Òkèhò àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba òyìnbó àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, nítorí ìyà tí wọ́n ń fi jẹ wọ́n. Wọ́n pa àwọn aṣojú ìjọba, wọ́n dáná sun kóòtù, sójà dé, ẹ̀mí tún ṣòfò. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kó Òkèhò kúrò níbi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ sí ibi tó wà lónìí. Òkèhò yìí ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìlúà wà. Èmi rò pé ẹni tó bá gbé ayé nígbà yẹn ò lè fẹ́ràn ìwé tí ìjọba fi ń kọ orúkọ. Ìwé ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ ọ̀nà, ìwé ni wọ́n fi ń kọ orúkọ ẹni tó máa san owó orí. Tísà wá gbé ìwé tirẹ̀ dé, ó ní òun fẹ́ kọ orúkọ ọmọ. Ta ni ò ní fura? Kò yà mí lẹ́nu bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ò yá lóko ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún oníwèé.

Ìgbà tí nǹkan yí padà ni 1955. Ní oṣù keje ọdún 1952, S. O. Awókọ̀yà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, gbé ètò kalẹ̀ níwájú ilé ìgbìmọ̀ pé kí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, kó kárí, kó sì di dandan. Ọ̀fẹ́ dúró, kíkárí dúró. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ dandan kúrò. Wọ́n mọ̀ pé iléèwé ò tíì tó, tísà ò tíì tó. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi ọlọ́pàá mú ẹni tí kò rí iléèwé lọ? Owó orí tí wọ́n bù lé àwọn ènìyàn láti fi ṣe ètò yìí bí wọn nínú gan-an. Nínú ìbò àpapọ̀ ti 1954, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ gba àga 18 ní Ìwọ̀-Oòrùn, NCNC gba 23. Síbẹ̀ Awólọ́wọ̀ ò yẹ̀. Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ni ilẹ̀kùn ṣí.

Gbogbo wa la ti gbọ́ ìtàn etí. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n fẹ́, ọ̀pọ̀ òbí ò sì ní ìwé ọjọ́ ìbí. Ni tísà bá ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí lọ fi kan etí òsì. Bí ó bá kàn án, ó ti tó. Bí kò bá kàn án, kó padà lọ sílé lọ jẹ iyán sí i. Wọ́n wọlé wìtìwìtì. Iye ọmọ tó wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ 456,600 ní 1954; ní 1955 ó di 811,432. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún iye yẹn kà. Láàárín ọdún kan! Kò sí fáìnì, kò sí ẹ̀wọ̀n, kò sí ẹni tó lé ọmọ kiri ìgbẹ́. Wọ́n mú owó iléèwé kúrò lójú ọ̀nà ni. Àwọn òbí tí wọ́n ń pè ní aláìmọ̀kan tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́ wá.

Ṣùgbọ́n kíkọ orúkọ yàtọ̀ sí wíwá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọ kíláàsì kìíní ní 1955 ò dé kíláàsì kẹfà ní 1960. Ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn, òun ló sì wà níbẹ̀ títí. Ní 1976, ìjọba ológun Ọbásanjọ́ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà. Láti 1979, Bọ́lá Ìgè fà á dé iléèwé girama ní Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1999, Ọbásanjọ́ tún ṣí UBE ní Sókótó. Nígbà tó di 2004, ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú ètò Awókọ̀yà padà wọlé: dandan. Òfin UBE ti ọdún yẹn sọ pé òbí gbọ́dọ̀ rí i dájú pé ọmọ òun lọ, kó sì parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama kékeré. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, kóòtù á kọ́kọ́ bá a wí. Lẹ́ẹ̀kejì, ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Bí ó bá tún ṣe é, ₦5,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù méjì, tàbí méjèèjì.

Ẹ wá jẹ́ ká gbé òfin yìí lọ sí ọjà.

Ọ̀pọ̀ ọjà ilẹ̀ Yorùbá, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an. Àwọn baba wa ka ọjọ́ ọjà tó kọjá mọ́ ọn ló fi di márùn-ún. Bí a bá fi ti kàlẹ́ńdà kà á, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń yí po. Ká ní ọjà bọ́ sí Ọjọ́ Ajé lọ́sẹ̀ yìí. Èyí tó kàn á bọ́ sí Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kan náà. Lẹ́yìn náà, Ìṣẹ́gun. Lẹ́yìn náà, Àbámẹ́ta. Ó di Ọjọ́rú, ó di Àìkú, ó di Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ọjọ́ 28. Ọjà méje ló wà nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí. Méjì bọ́ sí ìparí ọ̀sẹ̀. Márùn-ún bọ́ sí ọjọ́ iléèwé, nínú 20 ọjọ́ tí iléèwé fi ṣí.

Ọmọ tó bá ń bá ìyá rẹ̀ ru igbá lọ sọ́jà ní gbogbo ọjọ́ ọjà, tí kò pa ọjọ́ mìíràn jẹ, ọjọ́ 15 ló máa wá nínú 20. Ẹ ṣírò ó: 75 nínú 100. Bó bá jẹ́ yunifásítì ló wà, ó yege, kó wọlé wá ṣe ìdánwò! Bó bá jẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà, ọjọ́ márùn-ún tó pa jẹ jẹ́ ìwọlé 10 géérégé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré ló fi dé ibi tí ọ̀rọ̀ fáìnì ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ kan náà, ìyá kan náà, igbá kan náà.

Ẹ tún wo ohun mìíràn. Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi to ojú ìwé rẹ́jísítà wa: Ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́ Ẹtì, ilà kan fún àárọ̀, ilà kan fún ọ̀sán, òfo fún ẹni tí kò wá. Ní ìparí ọ̀sẹ̀, tísà á ṣe àròpọ̀, á wá ìpíndọ́gba. Ọmọ ọlọ́jà yìí pa Ajé àti Ẹtì jẹ lọ́sẹ̀ kìíní, Ìṣẹ́gun lọ́sẹ̀ kejì, Ọjọ́rú lọ́sẹ̀ kẹta, Ọjọ́bọ̀ lọ́sẹ̀ kẹrin. Lójú ìwé, ó dà bí ìsáǹsá tó ń wá nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ ọjà nìkan ló lè rí i pé òfo wọ̀nyẹn tò bí ìlẹ̀kẹ̀. Alábẹ̀wò tó wá láti Ìbàdàn ò ní rí i. Ìyá ọlọ́jà tí kò mọ̀ọ́kà ni ì bá rí i ní wàrà, bí wọ́n bá kà á sí i létí.

Dípò kíkà á sétí, kí la máa ń ṣe? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ sí iléèwé abúlé mọ̀ ọ́n. Tísà á yan gìrìpá mẹ́rin láti kíláàsì àgbà, á ní kí wọ́n lọ gbé ìsáǹsá wá. Ẹni kan á di apá ọ̀tún mú, ẹni kan apá òsì, àwọn méjì á gbá ẹsẹ̀ mú, wọ́n á máa gbé e bọ̀ bí ẹni gbé ẹran ọdún, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ á máa tẹ̀ lé wọn. Ọmọ á jẹgba. Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, igbá ìyá rẹ̀ ò tíì fúyẹ́, òun náà á tún gbé e rù.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi lódì. Mi ò sọ pé kí ọmọ máa lọ sọ́jà. Ọjà ni ọmọbìnrin mìíràn ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ kan nínú mẹ́rin, ó di méjì, ó di pé orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù níléèwé. Ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀kọ́ kì í ṣe nǹkan kékeré: ọmọ tó bá ń pàdánù rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà ti pàdánù odidi ọdún kan àti ààbọ̀. Ìdí rẹ̀ gan-an ló fi yẹ kí á mọ ibi tí ó wà.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí ní Nàìjíríà pé ìjọba bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yẹn. Ní 1989, ìjọba dá àjọ ẹ̀kọ́ àwọn darandaran sílẹ̀, nítorí wọ́n rí i pé ọmọ tó ń da màlúù kiri ò lè máa jókòó sójú kan bí ọmọ àgbẹ̀. Iléèwé ló yẹ kó wá ọ̀nà tọ̀ wọ́n lọ. A lè ṣàríwísí bí wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè ibi tí ọmọ wà kí wọ́n tó béèrè ìdí tí kò fi wá. Darandaran wà ní Òkè-Ògùn, ọlọ́jà wà ní Òkè-Ògùn, àgbẹ̀ ló pọ̀ jù. Ta ló ti béèrè nípa ti ọlọ́jà àti ti àgbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ náà sì kan Ọ̀yọ́ gan-an. Nígbà tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ètò BESDA ní 2017, láti fi ran àwọn ìpínlẹ̀ tí ọmọ wọn tí kò sí níléèwé pọ̀ jù lọ́wọ́, ìpínlẹ̀ 17 ló wọ̀ ọ́. Òkè Ọya ni 13 nínú wọn ti wá, ní àríwá ìlà-oòrùn àti àríwá ìwọ̀-oòrùn. Nínú ìpínlẹ̀ mẹ́fà tó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn, Ọ̀yọ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀yọ́ tó wà lára Ìwọ̀-Oòrùn 1955! Ní 2019, Ṣèyí Mákindé fagi lé owó ₦3,000 tí àwọn ọmọ girama ń san lọ́dún. Ọ̀nà 1955 nìyẹn, mo sì fara mọ́ ọn. Àmọ́ 1955 ti kọ́ wa pé ọ̀fẹ́ máa ń mú ọmọ wọlé. Kò kọ́ wa bí a ṣe máa mú un dúró.

Bí ẹnì kan bá ní kí n dábàá òfin tuntun fún iléèwé Ìlúà, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí fáìnì. Àlà kan péré ni mo máa fi kún rẹ́jísítà, níwájú òfo: ‘Níbo ló wà?’ Kí tísà máa kọ ọ́ síbẹ̀: ọjà, oko, àìsàn, kò ní bàtà, ó ń tọ́jú àbúrò. Ní ìparí táàmù, kí ọ̀gá iléèwé, àwọn òbí àti ìyálọ́jà jókòó ti ìwé yẹn. Bí ọjà bá pọ̀ níbẹ̀, kí wọ́n jọ sọ ọ́: ṣé a lè bẹ̀rẹ̀ iléèwé ní kùtùkùtù lọ́jọ́ ọjà, kí ọmọ tó lọ bá ìyá rẹ̀? Ṣé a lè fi ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn dí i ní Àbámẹ́ta tí kò sí ọjà? Bí wọ́n bá ti ṣe èyí tán tí òbí kan ṣì kọ̀, kí òfin 2004 wá gbọ̀nà.

Láti ìgbà Lowe títí dòní, wọ́n ti fi ìwé orúkọ gba owó, wọ́n ti fi ka èrò, wọ́n ti fi mú òbí. Ó tó àkókò kí a fi wá ọmọ. Ọmọ tí tísà kọ òfo síwájú orúkọ rẹ̀ láàárọ̀ yìí kò di òfo. Ó wà lábẹ́ àtíbàbà kan, ó ń ka àlùbọ́sà ní márùn-ún márùn-ún fún oníbàárà, ìṣirò náà sì ń pé.